Sáìtì Tó Fi Ilé Wa Han Àlejò

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ dé òkè òkun, ó máa ń pe màámi ní Iléṣà déédéé. A kò ní tẹlifóònù nílé. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ló ní ọ̀kan. Bí ó bá ti dún tó sì jẹ́ tiwa, wọn á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á pàtẹ́wọ́, màámi á sì sáré sọdá títì pẹ̀lú ìró tí wọn kò tíì ró tán. Nígbà tó yá, ìpè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó tún yá, kò pè mọ́ rárá. Lẹ́tà tí a kọ sí i padà wá bá wa, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára pé ẹni tí a kọ ọ́ sí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Tíṣà ni mí ní Òṣogbo nígbà náà. Bí mo bá ti rí àyè ní Sátidé, màá wọkọ̀ ní Old Garage, màá lọ wo màámi. Kí n tó gbé báàgì sílẹ̀ ni wọn á ti bi mí pé, "O ò tíì gbọ́ nǹkan kan?" Màá ní n kò gbọ́. Wọn á ní, "Ìwọ tí o wà nílùú ìjọba." Wọ́n gbà pé níwọ̀n ìgbà tí gómìnà ti ń gbé Òṣogbo, kò yẹ kí ohun kan ṣẹlẹ̀ láyé tí ará Òṣogbo kò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, n kò sì lè dá wọn lóhùn bó ṣe wà nínú mi. Opó ni wọ́n. Bàbá wa ti kú sí abúlé tí wọ́n ti ń dáko kòkó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí nìkan la sì jẹ́ ọmọ fún wọn.

Ní bíi ọdún kan kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Alékúwodò gbé pátákó síta pé àwọn ti ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ la ti máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́ ìjọba ló ni ín. Òun ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ Iléṣà tó wà lókè òkun ti dá sáìtì kan sílẹ̀, pé ẹni tó bá ń wá èèyàn rẹ̀ lè kọ orúkọ onítọ̀hún síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, wọn á jẹ́ kó gbọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yìn ilé ni òkè òkun wà. Mo rò ó títí, mo sì lọ bá a lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí iléèwé parí.

Ẹni tí kò lo íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn kò lè mọ ohun tí ojú wa rí. Ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ máa hu bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Bó bá dákẹ́, láìnì tẹlifóònù ti wọlé nìyẹn. Bó bá tún hu, láìnì ti já. Bó bá jẹ́ pé láìnì wọlé, iná á lọ. Nígbà tí sáìtì náà yọjú, àwòrán ẹnu ọ̀nà ààfin ló kọ́kọ́ ń já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, fọ́ọ̀mù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tí à ń wá, ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ, agboolé bàbá, abúlé tí wọ́n ti ń dáko, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣèrìbọmi, iléèwé tó lọ, oríkì rẹ̀, àti àmì tó bá wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí a sọ ẹni tí wọn á rí nílé, ibi tí ilé náà wà, àti tẹlifóònù tí wọn á fi kàn sí wa.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ta ni gbogbo èyí máa hàn sí?"

Ọmọkùnrin náà tọ́ka sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, mà."

Mo fi ojú ara mi kà á. Wọ́n ní gbogbo ohun tí a bá kọ síbẹ̀, ọwọ́ àwọn alábòójútó sáìtì nìkan ni yóò wà, pé wọn kò ní fi han ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Mo tún un kà. Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí ìlérí ń jẹ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ọmọkùnrin náà ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé n kò tíì mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ nígbà yẹn. Mo sọ ti àpá tó wà lórúnkún ẹ̀gbọ́n mi, tó gbà níbi tó ti jábọ́ lórí igi obì ní oko bàbá wa. Mo sọ pé màámi nìkan ló ń gbélé, pé ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, kí ẹni tó bá wá kí wọn gbóhùn sókè dáadáa kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá ka ìyẹn, àánú ìyá rẹ̀ á ṣe é.

Lẹ́yìn tó ti fi í ránṣẹ́ ni mo rí i pé orúnkún òsì ló kọ. Ọ̀tún ni mo pè fún un. Mo ní kó tún un ṣe. Kó tó dáhùn, láìnì já. Ó ní bí a bá fẹ́ tún un ṣe, àfi ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti sú mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá jẹ́ òun ló ni orúnkún á mọ èyí tó jábọ́ lé.

Oṣù ń gorí oṣù, a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tilẹ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Sátidé kan ni mo dé Iléṣà, tí mo bá màámi tí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn ìkórè, ara wọn yá gágá. Wọn kò bi mí pé ṣé n kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ wá," ni wọ́n wí.

"Ọ̀rẹ́ wo, màámi?"

"Èyí tí wọ́n jọ ń gbé lọ́hùn-ún. Ọmọ dáadáa ni. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ló ti pariwo kí mi, ó ní ọmọ mi ti sọ fún òun pé ojú ń dùn mí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí ẹnì kankan kò pè mọ́ níbí yìí, òun ló fi pè mí. Mo gún uyán fún un."

Màámi kì í pè é ní iyán láéláé. Uyán ni, bí gbogbo Ìjẹ̀ṣà tí kò jẹ́ kí iléèwé yí ahọ́n òun padà ṣe ń pè é. Bí wọ́n bá sì gún uyán fún èèyàn lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ó ti di ọmọ nìyẹn.

Wọ́n ń sọ, mo ń gbọ́. Ọkùnrin náà mọ agboolé wa. Ó mọ abúlé tí bàbá wa ti dáko. Ó ki oríkì ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó kì í bí ẹni tó ń ka àkọlé ara pátákó, gbogbo ohùn rẹ̀ ló ṣì. Màámi ní àwọn rò pé òtútù ilẹ̀ Òyìnbó ló bà á lẹ́nu jẹ́. Ó tún mọ̀ nípa àpá orúnkún.

"Ó ní ti òsì," ni màámi wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní rárá, ọ̀tún ni. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tí èèyàn bá kọjú síni, òsì rẹ̀ a máa dà bí ọ̀tún."

Ibì kan ṣoṣo ni àpá yẹn ti wà lórúnkún òsì láyé yìí, ibẹ̀ sì ni fọ́ọ̀mù tí mo lọ kọ ní Alékúwodò.

Mo ní, "Màámi, kí ló wá ṣe?"

"Kí ni ì bá wá ṣe? Ó wá jíṣẹ́ ni. Ó ní ìjọba ibẹ̀ ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, pé ìyẹn ni kò fi rójú kọ̀wé sí wa. Mo ṣí àpótí, mo kó o fún un. Ìwé ìrìbọmi, sáàtífíkéètì rẹ̀ ti iléèwé, àti fọ́tò tó yà kó tó lọ. Ó wé e sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. Ó gbàdúrà fún mi kó tó lọ."

"Ẹ kò ní kó dúró dè mí?"

"Ó ń kánjú. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de èèyàn."

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, ojú wọn ń yí padà bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ aṣọ ìkórè, wọ́n wọ ti ilé. Wọ́n ní, "Ó jẹ uyán mi," wọ́n sì wọlé lọ bá àpótí wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n tún ń tò ó, bí ẹni pé ohun tó ti lọ lè ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, mo gba Alékúwodò lọ. Mo ní kí ọmọkùnrin náà ṣí sáìtì yẹn fún mi. Nígbà tí láìnì wọlé, kò sí ilẹ̀kùn tí a kàn, kò sí orúkọ tí wọ́n ní ká kọ, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n béèrè. A kàn tẹ orí ohun tí wọ́n pè ní "Àwọn Ará Ilé" ni, gbogbo wa sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀ bí ọmọkùnrin náà ṣe tẹ̀ ẹ́: orúkọ màámi, ilé wa, igi tó wà lẹ́bàá ilé, ojú tí kò ríran, orúnkún òsì. Lábẹ́ tiwa ni ti obìnrin kan tó ń wá ọkọ tó sá fi í sílẹ̀, ó ti kọ ohun tó fa ìjà wọn. Lábẹ́ ìyẹn ni ti bàbá kan tó ń wá ọmọ tó bí síta, ìyàwó ilé kò sì mọ̀. Àwọn èèyàn ti tú ara wọn síhòòhò fún alábòójútó, alábòójútó wá sá wọn sójú títì bí aṣọ.

Mo ní, "Ṣé ìwọ náà rí i? Ìlérí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù dà?"

Ó wá a lọ sísàlẹ̀ pátápátá. "Ó ṣì wà níbẹ̀, mà."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, lábẹ́ gbogbo àṣírí yẹn. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ká ní wọn kò ṣèlérí rárá, ǹ bá dákẹ́ ẹnu mi.

A kọ í-méèlì sí alábòójútó. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ wa kúrò, kí wọ́n sì yọ ti àwọn yòókù pẹ̀lú. Nígbà tí èsì máa dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n dúpẹ́ pé mo yà sọ́dọ̀ wọn, kí Ọlọ́run bù kún ìlú wa, kí n sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rọ ló dá èsì yẹn fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà mi. Mo kọ òmíràn. Ẹnìkan ka èyí. Ó ní òun kò rí ohun tó ń bà mí lẹ́rù, pé ọmọ ìyá ni gbogbo Ìjẹ̀ṣà, kí ló wà nílé Ìjẹ̀ṣà tí ará ilé kò gbọdọ̀ mọ̀? Mo kọ̀wé pé ẹni tó jẹ uyán màámi kì í ṣe ará ilé. Mo dúró de èsì ìyẹn títí. Nígbà tó dé, wọ́n ní àwọn lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé èmi ni mo kọ ọ́, nítorí pé ààbò àwọn èèyàn jẹ wọ́n lógún. Nítorí náà, kí n jọ̀ọ́, kí n kọ orúkọ ìyá mi kó tó wọlé ọkọ, ọjọ́ ìbí mi, àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé mi sínú fọ́ọ̀mù tuntun.

Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá òun náà rí ohun tí mo rí. Ó ní òun rí i. Ó sọ pé òun kò ní gba owó ìṣẹ́jú tí mo fi lo íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Àárín ìgbà yìí ni mo mú màámi lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ẹni tó jókòó sídìí káńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó sì wo màámi.

"Màmá, ṣé ó já ilẹ̀kùn yín?"

"Rárá. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ṣé ó fi ohun ìjà hàn yín?"

"Ó gbàdúrà fún mi ni."

Ó kọjú sí mi. "Màdáámù, ẹ̀sùn wo ni kí n kọ? Ó wọlé, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n fún un ní ìwé, ó sì lọ."

Mo ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti jí ọ̀rọ̀ wa kà, òun ló fi tan màámi jẹ.

Ó bi mí níbo ni íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà. Mo ní Òṣogbo la ti kọ ọ́, òkè òkun ni sáìtì náà wà. Ó ní bó bá jẹ́ Òṣogbo ni, tẹ́ṣàn Òṣogbo ló ni ẹjọ́; bó bá jẹ́ òkè òkun ni, kí n lọ rí àwọn tó wà ní ẹ́ńbásì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé bí mo bá lè gbé kọ̀ǹpútà náà wá, àwọn á tì í mọ́lé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ń gbìyànjú láti ràn wá lọ́wọ́ ni. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí bàbá tíṣà tún bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, mo wà nílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. N kò gbóhùn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì sọ fún mi ni pé, "Ta ló ní kó o gbé orúkọ mi síta?"

Mo fẹ́ kí i. Kò jẹ́ kí n kí i. Ó ní orúkọ tí òun ń jẹ́ níbi iṣẹ́ kì í ṣe orúkọ tí ìyá wa sọ òun, pé òun kò tíì ní ìwé ìgbélùú, ìdí tí òun kò fi pè wá nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ka sáìtì náà, ó fi àpá, oríkì àti abúlé dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, ó sì fi ìdùnnú pe orúkọ rẹ̀ gan-an níwájú gbogbo èèyàn. Kò ṣe é níkà, inú rẹ̀ dùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò padà síbi iṣẹ́ yẹn mọ́. Ó ti kó kúrò nílé tó ń gbé.

Mo ní, "Wọ́n ṣèlérí pé wọn kò ní fi han ẹnikẹ́ni."

"O sì gbà wọ́n gbọ́."

"Bùọ̀dá, ìwé kan kò ti ọ̀dọ̀ yín wá. Níbo ni kí n ti wá yín?"

N kò fẹ́ kí ìjà jẹ́ ohun tí a máa fi àǹfààní yẹn ṣe, ṣùgbọ́n inú ń bí èmi náà. Mo ti ń lọ mo ti ń bọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí mo ń torí rẹ̀ ṣe é ló tún ń jágbe mọ́ mi.

Màámi ti dé. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé wọn á bú sẹ́kún. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní, "Ìwọ ta nìyẹn?" Ó ti dárúkọ, nítorí wọ́n ní, "Orúkọ nìkan kò tó mọ́. Orúnkún wo lo fi jábọ́ lóko bàbá rẹ?" Wọ́n gbọ́ èsì. "Ta ló gbé ọ wálé lọ́jọ́ náà?" Wọ́n tún gbọ́ ìyẹn, ẹni tó gbé e kò sì sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Wọ́n wá wá àga fẹ̀yìn tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní èdè Ìjẹ̀ṣà, bàbá tíṣà sì fà mí lọ́wọ́ bọ́ sí ìta kí n lè fi wọ́n sílẹ̀.

Níta yẹn ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Wọ́n bi mí pé ta ni alábòójútó sáìtì náà. Nígbà tí mo dárúkọ tó máa ń wà nísàlẹ̀ í-méèlì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ni, pé àwọn mọ àwọn ẹbí rẹ̀ dáadáa. Kí n tó padà sí Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti bá mi gba nọ́ńbà ilé alábòójútó náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Iléṣà.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà ni mo ti pè é. Ó gbé e. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi? Èmi kì í fún èèyàn ní nọ́ńbà ilé mi."

Mo wo fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin tó ni sẹ́ńtà ń gbọ́, ó dẹ́kun ohun tó ń tẹ̀.

Mo ní, "Sà, ohun tí mo ń kọ sí yín láti oṣù wọ̀nyí nìyẹn."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó pè mí ní àbúrò. Ó ní ìfẹ́ ìlú ló mú kí òun dá sáìtì náà sílẹ̀, pé òun nìkan ló ń ṣe é nígbà tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún òun. Ó ní nígbà tí òun fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn pa mọ́, kò sẹ́ni tó ń wá síbẹ̀. Nígbà tí òun tú u sílẹ̀, gbogbo ayé ń yà síbẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Ó ní òun rò pé oore ni òun ń ṣe. Mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí láti máa gba oore bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti àlejò tó jẹ uyán fún un, mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi àti iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé ọmọ ìyá ni gbogbo Ìjẹ̀ṣà mọ́.

Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ màmá."

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ bá wa yọ ọ́, sà."

Ó yọ tiwa lọ́sẹ̀ yẹn. Ti àwọn yòókù gba àkókò, mo sì kọ í-méèlì débi pé ọmọkùnrin Alékúwodò ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Níkẹyìn, alábòójútó fi ilẹ̀kùn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, ohun tó sì máa rí kò ju orúkọ lọ. Àwọn ìwé tí ọkùnrin yẹn kó lọ kò padà wá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, wọ́n kọ ìwé ìrìbọmi mìíràn. Mo lọ sí iléèwé tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọ́n ní àwọn á fetí sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá wá fi orúkọ rẹ̀ béèrè ohunkóhun. Bóyá ọkùnrin kan ń rìn káàkiri ayé lónìí pẹ̀lú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, a kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè wá láti ìgbà náà. Ó pẹ́ kó tó dárí jì mí, ó sì pẹ́ kí èmi náà tó dárí jì í, ṣùgbọ́n ó ń pè.

Ohun tí n kò retí ni pé àwọn èèyàn á bínú sí mi. Wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n ti sáìtì náà. Àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun gbà pé mo ti rí tèmi tán ni mo bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta aṣọ òkè dá mi dúró. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti gbúròó ọmọ wọn.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n tìẹ ti pè. Tèmi ńkọ́?"

Mo ní mo lè bá wọn kọ ọ́, pé sáìtì náà ṣì ń gba orúkọ. A jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà, àìsàn tó ṣe é nígbà tó wà ní kékeré, ilé tí wọ́n ń gbé, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ìgbà tí wọ́n máa ń lọ sí ọjà tí ilé máa ń dá. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé. Mo gbọ́ ọ títí wọ́n fi sọ tán. Lẹ́yìn náà, mo kọ orúkọ ọmọ náà, mo sì kọ nọ́ńbà tẹlifóònù bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Alékúwodò sábẹ́ rẹ̀. Mo fi hàn wọ́n.

Wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, wọ́n yí i sẹ́yìn bóyá ohun mìíràn wà níbẹ̀.

"Èyí nìkan?"

"Èyí nìkan, mà. Bó bá pè, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sọ ìyókù fún un."

Wọn kò dúpẹ́. Wọ́n dá ìwé náà padà sọ́wọ́ mi, wọ́n mú báìbélì wọn, wọ́n sì bá àwọn tó ń lọ sílé lọ. Mo fi í ránṣẹ́ sí sáìtì náà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.